Èmi Ni Mo Dá Iná Tó Pa Baba Ṣadé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má bá mi sunkún. Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára mi. Ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é nìkan ni n kò mọ̀. Mo ń jẹun, mo ń kírun mi lásìkò, mo sì ń sùn hanrun débi pé wọ́dà kan máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ yìí, ṣé ilé àna ẹ ni wọ́n ní o wà ni?" Ikú tó ń bọ̀ yìí, tèmi ni. Ìgbà kan wà tí mo fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, ìgbà náà gan-an ni n kò rí oorun sùn.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Isu ni bàbá mi ń gbìn kó tó kú, òun ni èmi náà sì ń gbìn. Baba Ṣadé ni ọlọ́pàá tó háyà yàrá nílé wa. Sájẹ́ǹtì ni, ará Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá dá mọ́tò dúró, á kọ́kọ́ kí gbogbo èrò inú rẹ̀ tán, á bèèrè àlàáfíà ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìn, kó tó wá kọjú sí dẹ́rẹ́bà. Àwọn dẹ́rẹ́bà a máa sọ pé ìkíni rẹ̀ ń dá àwọn dúró ju àyẹ̀wò lọ. Bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, òun ló ń kan ilẹ̀kùn fún wa ní sààrì, òun tí kì í gbààwẹ̀.

Ohun tó kó bá mi kò tó nǹkan. Mo gbé isu lọ sí ọjà ẹnubodè lórí kẹ̀kẹ́, ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Múfú bá ní kí n ti ìdì aṣọ kan sábẹ́ àpò isu tó ṣẹ́kù, kí n bá òun gbé e dé Ṣakí.

"Ta ni yóò yẹ ìdí àpò àgbẹ̀ wò?" ó ní.

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di onífàyàwọ́. Ọ̀kan di méjì, kẹ̀kẹ́ di ọkọ̀ akẹ́rù Ọ̀gá Múfú, oko isu mi sì di igbó.

Baba Ṣadé fura. Lọ́jọ́ kan tó ń kun bàtà rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó pè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìdí ebè ni àǹkárá ti ń ta báyìí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Baba Ṣadé, ẹ tún ti dé o."

"Mi ò ṣàwàdà. Bí mo bá bá ẹ lójú ọ̀nà, mi ò ní rántí pé ìyá ẹ ń fún mi lọ́bẹ̀ jẹ o."

"Mo ti gbọ́, sà."

Etí ikún ni mo kọ sí i.

Nígbà ọyẹ́, a kó ẹrù kan tí a fẹ́ gbé kọjá Àgọ́-Àmọ̀dú. Ìròyìn kàn wá pé ọlọ́pàá ti lúgọ sínú koríko níwájú. Ọ̀gá Múfú ní kí n dáná sí i, pé èéfín á lé wọn, a ó sì gba inú èéfín náà kọjá. Gbogbo ọmọ Òkè-Ògùn ló mọ bí a ṣe ń sun igbó. A ó ro etí ibi tí a fẹ́ sun yíká kí iná má baà fò, ẹnì kan á sì máa lọ káàkiri, á máa ké pé, "Iná o! Ẹni tó wà nígbó kó jáde o!" N kò ro nǹkan kan, n kò sì ké. Ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá, báwo ni yóò ṣe ké? Mo sì rí kẹ̀kẹ́ tí Baba Ṣadé ń gùn lọ sẹ́nu iṣẹ́ nídìí igi òrí kan. Mo rí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé n kò mọ̀. Mo ṣáná.

Atẹ́gùn ọyẹ́ gbé iná náà ju ibi tí mo rò lọ. Àwọn ọlọ́pàá sá jáde, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ igbe ìyá arúgbó kan tó ń ṣẹ́gi nínú lọ́hùn-ún. Baba Ṣadé padà wọnú iná náà. Ó gbé ìyá náà mọ́ àyà jáde. Ìyá náà yè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Baba Ṣadé ti bó délẹ̀.

Ẹrù wa kọjá láyọ̀. Ìyẹn ló ń tì mí lójú jù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti mú Bélò, Fúlàní kan tó ń da màlúù nítòsí. Àwọn darandaran a máa sun koríko kí tútù lè hù, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ìyá mi po ògì, ó ní kí n gbé e lọ fún Baba Ṣadé ní ọsibítù. Mo ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu.

"Wọ́n ní Fúlàní kan ni," ó ní. "Ṣé ẹnì kan rí i tó ń ṣáná?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Bá mi sọ fún wọn ní tésàn kí wọ́n wádìí ẹ̀ dáadáa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí mi pa ọmọ ọlọ́mọ." Ó wò mí. "Kí ló dé tí ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n?"

"Ọyẹ́ ni, sà."

"Fa aṣọ yẹn bora."

Aṣọ ìbora tirẹ̀ ni.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ tààrà. Mo bá wọn tí wọ́n káwọ́ lérí. Baba Ṣadé ti kú ní ìdájí. Mo ní, "Ẹ tú Bélò sílẹ̀. Èmi ni mo dáná yẹn." Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìbànújẹ́ ló da orí mi rú. Ní kóòtù, lọ́yà mi ní kí n sáà sọ pé n kò rí kẹ̀kẹ́ náà. Mo kọ̀, torí irọ́ ti sú mi.

Ọ̀gá Múfú ń ṣẹ̀wọ̀n tirẹ̀ níbòmíràn. Bélò wà láàrin màlúù rẹ̀. Ìyá mi wá wò mí lẹ́yìn Iléyá, ó ní Bélò fa àgbò kan wá fún Ìyá Ṣadé àti àwọn ọmọ rẹ̀, Ìyá Ṣadé sì gbà á. Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà bá mi rẹ́rìn-ín, tẹkún-tẹkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Tẹ̀dé àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ti nǹkan kékeré kan bọ abẹ́ ẹrù yín, ẹ kọ̀ ọ́ níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti yọ̀, ẹ tètè sọ. Mo ti jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, mo jẹ́wọ́ fún adájọ́, mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi, mo sì ti jẹ́wọ́ fún ẹ̀yin náà. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo jókòó tì í títí ògì fi tán, mo sì dákẹ́.