Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Bátìrì Orí Ọ̀kẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ láti máa wọ aṣọ ẹranko jó níwájú èrò, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun ó ti pẹ́. Lónìí ni n ó pọ̀ ọ́ síta níwájú yín, kí ẹnikẹ́ni má baà tún yìn mí fún ohun tí kì í ṣe tèmi.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tí gbogbo yín mọ̀, èyí tó jẹ́ àmì ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe nílùú wa, tí wọ́n ya sára ife, sára fìlà àti báàgì iléèwé, èmi ni mo wà nínú aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìdíje náà. Èmi kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Àǹtí Fúyẹ́ ni wọ́n yàn. Bó ṣe máa ń jó bí ẹni tí kò wúwo rárá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Òun ló dá ijó ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀: á sáré díẹ̀, á dúró ṣanṣan bí ẹni tó gbọ́ ariwo, á wá ju ìrù sẹ́yìn fìà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jó o, ọ̀gá ìpolówó, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ máa ń le koko, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àwọn àlejò lè gbàgbé ẹni tó gba ife. Wọn ò ní gbàgbé ọ̀kẹ́rẹ́ yìí láéláé."

Àǹtí Fúyẹ́ kan náà ló mú mi wọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ó ní, "Àbúrò mi nìyí, ẹ fún un níṣẹ́." Wọ́n ní kí n máa bá a wọ aṣọ, kí n máa yẹ ohun èlò rẹ̀ wò, kí n sì rọ́pò rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ara rẹ̀ kì í sì í ṣàìyá. Ibẹ̀ ni ìlara ti wọ̀ mí lẹ́wù. Ọmọ aláìmoore ni mí.

Fáànù kékeré kan wà nínú orí ọ̀kẹ́rẹ́ náà. Láìsí i, ooru ibẹ̀ tó bọ ẹyin. Lọ́jọ́ ìdánrawò ńlá, tí àwọn ilé iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọ̀kẹ́rẹ́ polówó ọjà wọn wá wòran, mo yọ bátìrì tuntun, mo fi èyí tó ti ń kú lọ sí i. Mo ń sọ fún ara mi pé yóò kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Irọ́! Mo rí bí oòrùn ṣe mú.

Ó bi mí pé, "Àbúrò mi, o ti yẹ fáànù wò?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, Àǹtí."

Ó jó dé àárín pápá, ó dúró ṣanṣan. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara ijó ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ṣubú lulẹ̀ gbì.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Kí wọ́n tó rí orí náà yẹ̀ wò, mo ti dá bátìrì tuntun padà. Nínú yàrá ìmúra, Àǹtí nà gbalaja, wọ́n fi aṣọ tútù lé e níwájú orí. Ó di ọwọ́ mi mú. "Fáànù yẹn dákẹ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Dókítà tí wọ́n pè àti ọ̀gá ìpolówó ń wò mí. Mo tan fáànù lójú wọn, ó ń yí fìrì. Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ o, Àǹtí. Bóyá ara yín ni kò gba ooru mọ́."

Ó wo fáànù náà títí. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ara mi ni, àbí?"

Bí mo ṣe gba ijó rẹ̀ nìyẹn. Ayé hó yèè fún mi, àwòrán mi gba ìgboro, òun sì pa ijó tì.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí mo ti ń wọ aṣọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà, wọ́n pè mí kí n wá ṣeré ní iléèwé kan. Ta ni mo bá níbẹ̀? Àǹtí Fúyẹ́, lórí àga, ó ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń jó ọ̀kẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin kan fà á láṣọ: "Ẹ bá wa jó, Mà." Ó ní, "Ara mi kì í gba ooru, ọmọ mi." Irọ́ mi rèé, lẹ́nu rẹ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo jẹ́wọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé kò sí ohun tó ṣe ara mi?"

"Kò sí, Àǹtí."

Mo ń retí ìgbátí. Ńṣe ló bọ́ bàtà, tó bọ́ sáàárín àwọn ọmọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ní, "Ìwọ, má tíì dìde o!" Ó jó títí òógùn fi bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde, ká lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ." Mo sọ fún wọn. Wọ́n lé mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà wà ní pápá nígbà tí ìdíje tún padà wá. Ẹ rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó jó, tó ṣí orí aṣọ náà kúrò lójú gbogbo ayé, tí irun funfun sì yọ. Ẹ gbọ́ bí pápá ṣe mì tìtì nígbà tí wọ́n kéde pé, "Ẹni tó dá ijó yìí sílẹ̀ gan-an rèé!"

Òun ló rán mi sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ohun ẹlòmíràn, ẹ má sì fi irọ́ ba ẹnikẹ́ni lọ́kàn jẹ́ nípa ara rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń jáde lórí pápá, mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí.

Ó ní, "Mo ṣì ń gbìyànjú. Gbé omi wá."

Mo sáré gbé e wá.