Ọ̀rọ̀ Bàbá Ògúnṣẹ̀yẹ Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn o. Bí ẹ ṣe rí ojú mi tó wú yìí, tí ẹyinjú mi pọ́n, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n yín ló ń ṣe é, èmi náà ni mo rí bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà bá Kifayat ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rò pé mi ò gbọ́. Èmi Nùrẹ́nì, tí gbogbo Òkè Fìà l'Óṣogbo ń pè ní Nùrẹ́nì Fídíò, gbọ́ ọ ketekete. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Kifayat gbé kámẹ́rà ka iwájú mi láàárọ̀ yìí. Ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé irọ́ kan kiri, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ẹ̀yin ẹbí Ògúnṣẹ̀yẹ n'Ìwàrà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ rántí ọdún 1993, ọjọ́ tí Bàbá pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì dé, Bàbá ní kí n ki kásẹ́ẹ̀tì tuntun bọ kámẹ́rà, kí n wá jókòó ti àwọn. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ gan-an, àwọn akọrin sì ń kọrin lójúde. Gbogbo yín rí i pé ẹnu Bàbá ń mì, ṣùgbọ́n èmi tí mo gbé íáfóònù sétí nìkan ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n wá kọjú sí àbúrò wọn, Bàbá Adédìran, wọ́n ní, "Mo ti sọ bí mo ṣe fẹ́ kí ilé mi rí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wò ó nígbà tí mo bá ṣì wà láyé. Tí mo bá kú, ẹ wò ó kí ẹ tó pín ohunkóhun."

Nínú iṣẹ́ wa, ike pẹ́ńpẹ́ kan wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní eyín. Tí o bá ti ká nǹkan pàtàkì tán, ojú ẹsẹ̀ ni wàá ṣẹ́ ẹ. Tí eyín yẹn ò bá sí, ẹ̀rọ ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ká nǹkan mìíràn lé e. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ n'Iléṣà sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o. Èmi kì í ṣẹ́ ẹ. Ahun ni mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: kásẹ́ẹ̀tì kan ni mo máa ń fi ṣe òde mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹta, mo fẹ́ da kásẹ́ẹ̀tì Bàbá kọ sínú òmíràn. Ẹ̀rọ méjì la máa ń so pọ̀, ọ̀kan á máa sọ, èkejì á máa gbà. Mo ń bá oníbàárà kan ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́, mo bá ki kásẹ́ẹ̀tì Bàbá bọ ẹ̀rọ tó ń gbà, mo ki òfìfo bọ èyí tó ń sọ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ kírun àsárì. Nígbà tí mo dé, tí mo dá a padà sẹ́yìn, ariwo ṣàààà ni mo gbọ́, kò sí àwòrán kankan. Mo fi sípíríìtì nu orí tí ẹ̀rọ fi ń ka kásẹ́ẹ̀tì. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ Àmínù tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a fi í sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, bákan náà ni. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òfìfo ni mo ti dà kọ lé ọ̀rọ̀ Bàbá lórí.

Àmínù bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti wò ó?" Mo ní ó di ìgbà tí Bàbá bá kú. Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù? Gbé e fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́, sọ pé máńgínẹ́ẹ̀tì, irin tó ń fa irin nínú rédíò wọn, ló pa á. Ta ló mọ̀?" Mi ò di ẹ̀bi ru Àmínù o. Ẹnu lásán lòun fi sọ ọ́, èmi ni mo fọwọ́ ṣe é. Ìgbà tó ti bàjẹ́ tán ni mo wá ṣẹ́ eyín rẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé mo ṣe iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ. Cecilia ló wá gbà á, opó Bọ́lárìnwá ọmọ Bàbá, tó ti ń tọ́jú Bàbá láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Fídíò, ibo ni kí n gbé e sí tí kò fi ní bàjẹ́?" Mo wò ó lójú. Mo ní, "Ìyá Phebe, ẹ gbé e sórí rédíò yín." Áà! Ìwọ Nùrẹ́nì!

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Bàbá tún lò láyé. Ọkọ̀ Iléṣà tí à ń wọ̀ lọ Ìwàrà ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́. Ká ní mo wọ ọ̀kan péré, kí n lọ dọ̀bálẹ̀, Bàbá ì bá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. Orúkọ mi ni mò ń ṣọ́, mi ò lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ẹ ránṣẹ́ pè mí. Pálọ̀ kún. Ẹ rántí bí mo ṣe ń làágùn, tí mò ń yí bọ́tìnnì, tí mo tú ẹ̀rọ yín, tí mo ní kí wọ́n lọ yá òmíràn wá. Eré ni mò ń ṣe o, mo ti mọ̀ pé òfìfo ni. Nígbà tó yá mo bèèrè pé, "Ibo lẹ gbé e sí?" Cecilia ní, "Orí rédíò. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e síbẹ̀." Mo ní, "Èmi kẹ̀? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Máńgínẹ́ẹ̀tì ló pa á." Ni Ọláfúnkẹ́ ọmọ Bàbá bá fò dìde: "Ó ti mọ̀ pé Bàbá ò fún òun ní nǹkan kan, ló ṣe pa á rẹ́!" Bàbá Adédìran ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fi sọ ọ́, mi ò lè sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wí nìyí: "Nùrẹ́nì, ìwọ lo gbé nǹkan sétí lọ́jọ́ náà. Kí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ? Ohun tó o bá sọ la máa ṣe."

Cecilia wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wò mí. Gbólóhùn kan péré ló ń wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á mọ̀ pé kò nídìí tí yóò fi pa á rẹ́, èmi ni wọ́n á wá kọjú sí. Mo ní, "Bàbá, ariwo akọrin pọ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta, òun àti Phebe ọmọ rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Cecilia wá kí mi nílé ìwòsàn. Yàrá kan ló ń gbé báyìí ní Dàda Estate l'Óṣogbo níbí, ó ń fọṣọ fún àwọn ará ibẹ̀. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi. Ó ní, "Mo ti forí jì yín lórí ọ̀rọ̀ rédíò yẹn, ẹ̀rù ló bà yín." Ó wá tú gèlè kan, kásẹ́ẹ̀tì Bàbá ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sẹ́ni l'Ékòó tó lè tún un ṣe? Mi ò wá ilé mọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá inú Bàbá dùn sí mi." Mo yíjú sí ògiri, mo sunkún.

Ọ̀rọ̀ Bàbá nìyí, mo fi Kùránì búra: "Ilé yìí, Cecilia ni mo fún. Ọmọ mi kú, òun ò fi mí sílẹ̀. Òun ló ń gbé mi dìde, òun ló ń fọ aṣọ tí mo bá tọ̀ sí. Ọmọ mi ni, kì í ṣe ìyàwó ọmọ mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé e." Ibẹ̀ ni Bàbá ti sunkún díẹ̀, tí wọ́n ní kí n pa kámẹ́rà.

Bàbá Adédìran, ẹ ní ohun tí mo bá sọ lẹ máa ṣe. Mo ti sọ ọ́. Ẹ lọ mú un padà wálé, kí Ọláfúnkẹ́ sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ fídíò, tí ọwọ́ yín bá ṣèṣì, ẹ yára jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá ṣì wà láyé.

Tí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi báyìí, màá ní kí Kifayat yọ kásẹ́ẹ̀tì yìí fún mi, màá fọwọ́ ara mi ṣẹ́ eyín rẹ̀. Ìyá Phebe, mi ò lè sọ pé kí ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n mò ń bẹ̀ yín. Ẹ gbà á. Bó bá wù yín, ẹ gbé e sórí rédíò. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan.