Ihò Kékeré Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ò Gbà Gbọ́

Ẹ má fún mi lága o, Bọ̀ọ̀dá, mi ò wá jókòó! Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún àbúrò yín lánàá ni mo bá wá. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí aláìsàn nìyẹn? Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun rẹ̀, ó ti ń rìn, ó ti ń jẹun, ó tiẹ̀ ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, inú mi ń dùn, ẹ̀yin wọlé, ẹ ká ẹ̀wù sókè, ẹ fi àpá ibi tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ tiyín náà lọ́jọ́sí hàn án, láti àyà dé ìsàlẹ̀ ìdodo, ẹ ní, "Èyí ni iṣẹ́ abẹ. Tìẹ dà?"

Háà! Àpá wá di ohun tí à ń fi ṣe fáàrí?

Káfíńtà lẹ̀yin méjèèjì, ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ á ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ ní pákó tó ti jẹrà kì í gba ihò kọ́kọ́rọ́ jáde. Bọ̀ọ̀dá, ṣé pákó ni ìfun ni? Dókítà ṣàlàyé fún wa títí: ihò kéékèèké ni kámẹ́rà àti irinṣẹ́ gbà wọlé, wọ́n wá la abẹ́ ìdodo díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbà yọ ibi tí wọ́n gé, tòun ti àwọn kókó kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí àìsàn náà lè sá pamọ́ sí. Ohun tí wọ́n gé nínú tiyín náà ni wọ́n gé nínú tirẹ̀. Ara ìta ni wọ́n ṣàánú. Wọ́n ní tiyín náà ò burú, ti ẹlòmíì ṣì gba lílà gbòòrò. Ta ló bá yín du àpá?

Ṣé ẹ mọ ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Láàárọ̀ yìí tó yẹ kó lọ gba oògùn tí ò ní jẹ́ kí àìsàn náà padà, ó kọjú sógiri. Ó ní òun ò gba nǹkan kan, àfi kí wọ́n tún òun là, kí wọ́n là á dáadáa bíi ti ẹ̀gbọ́n òun. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá ò lè purọ́ fún mi." Ẹ̀rù ń bà mí, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni.

Kí lẹ wí? Ẹ̀fẹ̀ lẹ ń ṣe? Ẹ̀fẹ̀! Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sì ti balẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, tí ọkọ mi bá kú lórí ọ̀rọ̀ pákó, mi ò ní gbé pósí ẹ̀ fún káfíńtà míì. Ẹ̀yin lẹ máa wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin lẹ máa kàn án!

Wọ́n ṣì ń retí ẹ̀ ní ọsibítù lọ́sàn-án yìí. Ẹ gbé ayùn yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ wá sọ fún un lójú mi pé ẹ ò mọ nǹkan tí ẹ̀ ń sọ.