Inú Mi Ò Dùn, Ṣùgbọ́n Mo Ti Jẹun

Lásìkò tí epo wọ́n gógó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá méjì nínú mọ́tò tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó.

"Ọmọ yín tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ ńkọ́?"

"Ó wà nílé-ìwé kan n'Ijare, tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, tí wọ́n sì ń tọ́jú ọkàn rẹ̀. Tí wọ́n bá ní, 'Ṣé dáadáa ni?', ọmọ ò gbọdọ̀ kàn sọ pé, 'A dúpẹ́.' Àfi kó sọ bó ṣe ń ṣe é gan-an. Lánàá ó pè mí: 'Màámi, inú mi ò dùn lónìí, ṣùgbọ́n mo ti jẹun.'"

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé dáadáa ni?"

"A dú..." Ó gbé ìyókù mì. "Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò. Ṣùgbọ́n orí mi wú."