Èmi Ni Mo Ba Ètè Múlíkátù Jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi. N kò sọ ọ́ fún ìyá mi títí wọ́n fi kú. Ọ̀fà níbí ni mò ń gbé, ẹni tí mo ṣẹ̀ kò sì jìnnà sí mi, a ṣì ń kí ara wa. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò lónìí ni pé ọmọ rẹ̀ ti ń wá sílé mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, n kò sì lè wo ojú ọmọ náà.

Múlíkátù ni n ó pe ọ̀rẹ́ mi yìí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kíláàsì kan náà la wà ní ilé ìwé girama. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá. Bàbá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, Mùsùlùmí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìyá la rí. Bí wọ́n bá ń ṣínu nígbà ààwẹ̀, àwo tèmi máa ń wà níbẹ̀.

Tíṣà músíìkì wa mú fúlúùtù méjì wá, fèrè onírin tí a ń gbé dábùú ẹnu. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Gbogbo ìṣòro fúlúùtù, ètè ni. Bí ètè kò bá jókòó dáadáa, èémí lásán ni wàá máa gbọ́. Tíṣà ní kí igun ẹnu mi dúró jẹ́ẹ́, kí ètè mi rọ̀, kí n fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lórí ìrẹsì. Wọ́n ní kí n máa wo dígí. Òòyì kọ́ mi títí. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ohùn gidi tó jáde.

Kò pẹ́ sí i, tíṣà ṣubú lórí máṣíìnì, ẹsẹ̀ wọn kán. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ́ Múlíkátù gẹ́gẹ́ bí àwọn ṣe kọ́ mi. Wọ́n ní bí àwọn bá padà, àwọn yóò yan ẹnì kan nínú àwa méjèèjì lọ sí Ìlọrin, kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan lè gbọ́ fèrè rẹ̀, bóyá wọ́n á gbà á láti kọ́ iṣẹ́ orin. Múlíkátù kò ní ọ̀nà mìíràn. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé tó bá ti parí fọ́ọ̀mù fáìfù, iṣẹ́ ọwọ́ ló kàn.

Mo kọ́ ọ bó ṣe tọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fẹ́ fèrè náà, ohùn jáde lójú ẹsẹ̀. Ohùn náà kún, ó sì mọ́. Inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tèmi ńkọ́? Ìlara ni, n kò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé ti àná yẹn, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní, "Rẹ́rìn-ín sí i. Fa igun ẹnu rẹ sẹ́yìn, kí o tẹ fèrè mọ́ ètè dáadáa. Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé ọjọ́ méjì péré ni n ó fi ṣe é. Mo kàn fẹ́ kí òun náà pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn òkè tètè ń jáde fún un bẹ́ẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láràárọ̀ ló ń fọn ọ́n lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wọn. Mo máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń lọ pọn omi. Ohùn náà ń tín-ín-rín sí i, ó wá ń ṣe bí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà. Ètè rẹ̀ a máa wú. Mò ń gbọ́, mò ń kọjá lọ. Odidi tọ́ọ̀mù kan.

Nígbà tí tíṣà padà, ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká lọ sí Ìlọrin. Wọ́n gbọ́ fèrè rẹ̀, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé bí mo ṣe ní kí o kọ́ ọ nìyí?"

Mo ní, "Sà, mo sọ títí, kò gbọ́. Ó ní bó ṣe rọ òun lọ́rùn nìyẹn."

Tíṣà wa kò fẹ́ràn olóríkunkun rárá. Wọn kò tilẹ̀ gbìyànjú láti tún un ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún un ni pé, "Ètè rẹ yìí kò lè gba fèrè." Ó wá gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá òun ni. Òun ló bá mi gbé báàgì dé ibùdókọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tí à ń lọ. Wọ́n gbà mí. Tíṣà náà ti kú báyìí, n kò lè bẹ̀ wọ́n mọ́.

Múlíkátù di télọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Ìjagbo. Èmi di tíṣà músíìkì. Ó máa ń fi mí yangàn fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ètè tó nípọn yìí ló gba músíìkì lọ́wọ́ mi." Mo yára bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa aṣọ tó ń rán lọ́wọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún ọdún. Lóṣù tó kọjá, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wá bá mi pé kí n kọ́ ọ. Mo gbé fúlúùtù fún ọmọ. Ọmọ gbé e sẹ́nu, ó fa igun ẹnu sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Mọ́mì mi ni, mà. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni wọ́n fi kọ́ mi. Wọ́n ní bí ẹ ṣe kọ́ àwọn nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyí. Mo sọ fún ọmọ náà pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Sátidé mẹ́ta ló wá, n kò tún ètè rẹ̀ ṣe. Bí mo bá tún un ṣe, yóò délé, yóò fi han ìyá rẹ̀. Múlíkátù kì í ṣe òmùgọ̀. Yóò gba fèrè lọ́wọ́ ọmọ, yóò gbé ètè lé e bó ṣe yẹ, ohùn yóò sì jáde. Yóò mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ètè òun rí. Bí mo bá sì dákẹ́, ẹnì kan yóò sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ kan pé ètè rẹ̀ kò gba fèrè, òun náà yóò sì gbà á gbọ́.

Mo ti purọ́ fún wọn pé ara mi kò yá, kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lánàá, Múlíkátù ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gun ọ̀kadà wá wò mí. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja wá. Ó ní kí n jẹun kí ara mi lè tètè yá, nítorí ọmọ òun ń béèrè mi.

Ọbẹ̀ náà wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè dà á nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo gbọ́dọ̀ dá abọ́ padà fún un. Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?