Orúkọ Tí Mo Kọ Sórí Ayé Tí Kì í Ṣe Tèmi

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, ọ̀rọ̀ kan ti wà lábẹ́ ahọ́n mi láti ọdún tó kọjá, kò sì jẹ́ kí oúnjẹ dùn mọ́ mi lẹ́nu. Lónìí ó di dandan kí n tú u jáde. Èmi Comfort, tí ẹ ń pè ní Ìyá Joy, tí mo máa ń gbàdúrà fún yín lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Múyìwá àti Tiwátọ́pẹ́ jẹ́. Kì í ṣe Múyìwá ló ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Èmi ni. Ẹnu mi yìí kan náà ni mo sì fi jẹ́rìí pé òun ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo ti mọ ara mi báyìí: bí mo bá fò ó kọjá díẹ̀, èyí tó burú jù ni n ó fò.

Ẹ mọ ilé mi ní Òyé, tí mo ń fi yàrá ibẹ̀ háyà fún àwọn ọmọ yunifásítì. Tiwátọ́pẹ́ gbé yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná mi fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ Ìrè ni, bàbá rẹ̀ Fọlọ́runṣọ́ ń gbin iṣu níbẹ̀. Múyìwá ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ Ìkọ̀lé, òun náà sì lẹ ti mọ̀, nítorí òun ló ń kọ́ àwa ìyá méjìlá ní ìwé kíkà lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ di bírò mú. Mo dì í mú gírígírí bí ẹni di ọkọ́ mú, bébà sì ya. Múyìwá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Joy, ẹ rọra o, ìwé kì í ṣe ebè.” Ohunkóhun tí mo bá ṣì kọ, kì í fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, á sì ní kí n tún un kọ. Ọwọ́ tó fi sùúrù tọ́ yìí ni mo fi ṣe é lọ́ṣẹ́.

Géèmù kan wà nínú kọ̀ǹpútà Tiwátọ́pẹ́. Èèyàn á wọ ọkọ̀ kékeré kan nínú rẹ̀, á fò lọ sáàárín àwọn ìràwọ̀, á sì balẹ̀ sórí ayé tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ó máa ń pè mí wá jókòó tì í kí n máa ka lẹ́tà tó bá jáde, kí ẹnu mi lè yọ̀ nínú ìwé. Mo bi í pé ta ló jókòó ya gbogbo ayé wọ̀nyí. Ó ní, “Kò sí ẹni tó yà wọ́n, Màmá. Ìṣirò ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ. Bí a bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀ ni ìṣirò yẹn ń bí i, òkè rẹ̀, omi rẹ̀, ẹranko rẹ̀, gbogbo ẹ̀.” Mo ní ta ló wá ń sọ wọ́n lórúkọ. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni. Kí onítọ̀hún tó sọ ọ́, ẹ̀rọ á ti kọ orúkọ kan tí kò nítumọ̀ sí i lára, gẹ́gẹ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ orúkọ ìyá sára ọmọ tuntun títí di ọjọ́ ìkómọ. Èmi ni mo fi í wé bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi, kì í ṣe òun.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò dúró sójú kan, dátà sì wọ́n, nítorí náà láìsí ayélujára ni Tiwátọ́pẹ́ sábà máa ń ṣeré náà. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí kò bá sí ayélujára, eré kì í dúró, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá ṣe, àárín òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Ó lè kọ orúkọ kan, kí ó pa á rẹ́, kí ó kọ òmíràn. Ọjọ́ tí ó bá fi dátà sí i, tí ó sì tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀, orúkọ náà ti jáde lọ bá gbogbo ẹni tó ń ṣeré náà níbi gbogbo, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Ó sọ ọ́ fún mi kedere. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wí àwíjàre pé àgbà ni, kò mọ̀. Mo mọ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn ayé inú géèmù náà kò ṣeé gbé. Òmíràn gbóná bí ààrò, òmíràn jẹ́ yìnyín, òmíràn sì ní májèlé nínú afẹ́fẹ́. Oṣù mẹ́rin ni Tiwátọ́pẹ́ fi wá èyí tó tutù lára. Ọjọ́ tó rí i, ó sáré wá pè mí nídìí ààrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bíi ti ọ̀nà Ìrè, koríko rẹ̀ àwọ̀ ojú ọ̀run, òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ń rọ̀, àwọn ẹranko kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ń tẹ̀ lé èèyàn kiri. Ó ní orúkọ ìyá òun ni òun fẹ́ sọ ọ́. Adérìnsọ́lá ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, ó ti kú láti ọdún méjì. Ọbáfẹ́mi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Kánádà, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde nígbà náà, kò sì lè wálé wá bu yẹ̀pẹ̀ sójú sàréè ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, inú géèmù yìí ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé bí dátà bá wà. Wọ́n ti fẹnu kò pé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Tiwátọ́pẹ́ bá parí ìdánwò, àwọn yóò jọ dúró lórí ilẹ̀ pupa náà, Ọbáfẹ́mi ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ náà. Tiwátọ́pẹ́ ní, “Màmá, ìyẹn ni yẹ̀pẹ̀ tiẹ̀.” Mo ṣe àmín sí i.

Èmi náà ní òkú tèmi. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò mọ̀. Ó di ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí, kí n tó bí Joy, mo bí ọmọbìnrin kan ní Ìkọ̀lé. Èmi àti ọkọ mi ti mú orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: Dúródọlá. Ní ọjọ́ kẹfà ó kú. Ọ̀túnla ni à bá kó o jáde. Lára káàdì rẹ̀, “Ọmọ Comfort, obìnrin” ni wọ́n kọ, ohun tí wọ́n sì fi sin ín nìyẹn. Àwọn ìyá àgbà sọ fún mi pé ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, a kì í pè é, kí n gbàgbé, kí òmíràn lè wá. Mo gbọ́ràn. N kò pe orúkọ náà rí, àní nínú àdúrà. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó ku èmi nìkan tó mọ̀ pé orúkọ bẹ́ẹ̀ wà.

Tiwátọ́pẹ́ máa ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ kàwé lójú ẹ̀rọ nígbà tí òun bá wà nílé ìwé, kí n wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo lọ sórí ayé pupa náà, mo ṣí ojú ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ, mo sì fi ìka kan wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí mo fi kọ Dúródọlá. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i. Mo wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi ìka tọ̀ ọ́ lójú ẹ̀rọ. Òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kọ tí n kò wò lára ẹnikẹ́ni kọ. Mo pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lọ, àárín èmi àti ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ìbá ṣe pé mo dúró síbẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Tiwátọ́pẹ́ lọ ṣe ìdánwò ìkẹyìn. Tó bá di ọ̀la, ayé náà yóò di ti Adérìnsọ́lá, n kò sì ní ní ibi tí n ó kọ orúkọ ọmọ mi sí mọ́. Mo kọ ọ́. N kò pa á rẹ́. Mo gbé fóònù mi, mo sì ṣí dátà rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà náà bí Múyìwá ṣe kọ́ mi. Dátà tó wà nínú rẹ̀, òun ló rà á fún mi kí n lè máa fi ka Bíbélì. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí èèyàn má tẹ̀ láìrò ó. Ẹ̀rọ náà yí díẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó ti lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ ṣa ẹ̀fọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí wọ́n wọ géèmù. Mo gbọ́ ohùn Ọbáfẹ́mi láti inú ẹ̀rọ, ó rọra béèrè pé, “Tọ́pẹ́, ta ni Dúródọlá?” Tiwátọ́pẹ́ dìde. Ó jáde wá, ojú rẹ̀ gbẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀: ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì Múyìwá ní yunifásítì tó ń jẹ́ Dúródọlá. Múyìwá ti gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí Ìlúpéjú lẹ́ẹ̀kan, ìjà sì ti ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀. Múyìwá nìkan ló tún máa ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ mi. Tiwátọ́pẹ́ bi mí pé, “Màmá, ta ló gba kọ́kọ́rọ́ lánàá?” Kò fura sí mi rárá. Ta ni yóò rò ó pé ìyá tó ń fi ìka tọ lẹ́tà ló ṣe é? Àìmọ̀wé tí mo ti ń tijú rẹ̀ láti kékeré, òun ni mo sá pamọ́ sí lẹ́yìn. Mo ní, “Múyìwá ni.”

Mo rò pé ìjà ọjọ́ méjì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, nítorí náà àwọn òbí dá sí i. Fọlọ́runṣọ́ ti Ìrè wá. Beatrice, ìyá Múyìwá, ti Ìkọ̀lé wá. Pálọ̀ mi ni wọ́n jókòó sí, èmi ni mo gbé omi fún wọn. Beatrice ní ọ̀dọ̀ òun ni ọmọ òun wà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ó wá gbé iṣu, òun ló sun àgbàdo fún un jẹ. Fọlọ́runṣọ́ ní ìyá wo ni kò ní jẹ́rìí ọmọ rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, “Ìyá, ulé rẹ ni mo fi ọmọ mi sí. Ẹ̀rí tìrẹ ni mo máa gbà.” Múyìwá ń wò mí. Kò bínú, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé ìyọnu ti parí nítorí ọ̀rọ̀ ti dé ọwọ́ mi. Ó ní, “Ìyá Joy, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé mo wá síbí lọ́jọ́ Ẹtì?” Ẹ̀yin ará, mo wo ojú ọmọ náà. Mo ní, “O wá. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́.”

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Fọlọ́runṣọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún èmi náà, ó sì gbé ẹrù ìyá rẹ̀ lọ sídìí ọ̀kadà. Láti ọjọ́ náà kò tẹsẹ̀ bọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́. Ẹ̀yin ìyá mọ́kànlá tí a jọ ń kàwé, tí ẹ ń sọ pé tíṣà já yín jù sílẹ̀, kò já yín jù sílẹ̀. Èmi ni mo lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde tó kọjá, Tiwátọ́pẹ́ ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ó pè mí wá wo ohun kan nínú kọ̀ǹpútà. Ayé pupa náà ni, ṣùgbọ́n ilé kan ti wà níbẹ̀ báyìí. Ọbáfẹ́mi ló kọ́ ọ, nítorí kò lè yí orúkọ padà, kò sì lè fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ri òpó kan mọ́ iwájú ilé náà, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Tiwátọ́pẹ́ kò kà á fún mi. Èmi ni mo fi ìka tọ̀ ọ́, tí mo fi ìwé tí Múyìwá kọ́ mi kà á: “Dúródọlá, ẹnikẹ́ni tí o bá jẹ́, bá mi tọ́jú ìyá mi.”

Mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà tí mo ti bí i, ẹnikẹ́ni kò bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ rí. Àlejò tí mo jà lólè ló kọ́kọ́ pè é, iṣẹ́ ló sì fi rán an, bí ẹni rán ọmọ tó yè. Ilẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Tiwátọ́pẹ́, láti orí káàdì dé orí kọ́kọ́rọ́. Mo retí èébú. Ó béèrè pé, “Ọmọ ọjọ́ mélòó ni, Màmá?” Mo ní ọjọ́ mẹ́fà. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ohùn rẹ̀ sì le. Ó ní, “Ti ọmọ yẹn, mo ti gbọ́. Ti Múyìwá, èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ sì kà á níbi tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́.”

Ìdí tí mo fi dúró síwájú yín nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ọ̀fọ̀ yín gba ti ẹlòmíràn. Ohun tí ẹ bá sì ń ṣe níkọ̀kọ̀ tí ẹ rò pé ẹ lè pa rẹ́ nígbàkigbà, ẹ pa á rẹ́ lónìí, nítorí ìka kan ṣoṣo ló fi ń jáde. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Tiwátọ́pẹ́, lọ́wọ́ Ọbáfẹ́mi, lọ́wọ́ Beatrice tí mo sọ òtítọ́ rẹ̀ di irọ́.

Múyìwá, o kò gbé ìpè mi, n kò sì dá ọ lẹ́bi. Ẹ̀dà ìwé yìí ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní Ìkọ̀lé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò bá mi tún un ṣe, mo sì mọ̀ pé àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Má kọ ọ̀rọ̀ kankan sí mi bí kò bá wù ọ́. Fa ìlà pupa sábẹ́ ibi tí mo ti ṣì í kọ, bí o ti máa ń ṣe, kí o sì dá a padà. Nígbà náà ni n ó mọ̀ pé o ti kà á.