Ajá Ni Yóò Kọ́kọ́ Jáde

Ní Òkè-Ogbó, níbi tí a tò sí kí wọ́n lè gún ajá wa ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tó wà níwájú mi ni mo gbọ́: ọ̀dọ́ kan tó fa abo ajá lọ́wọ́, àti ìyá àgbà kan tó mú akọ tirẹ̀ wá.

"Ọmọ mi, ta ló lù ọ́ báyìí?"

"Ọkọ mi ni, Màmá. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Kí lo wá ń dúró ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bọ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti búra pé ọjọ́ tí mo bá lọ, òun á pa ajá yìí. Màmá, ọrùn ajá ni okùn wà, èmi ló so."

Ìyá náà bojú wo abo ajá náà. Èmi ń tún gbólóhùn yẹn sọ lọ́kàn mi.

"Ó ti bímọ rí?"

"Rárá o."

"Fà á lé mi lọ́wọ́ lónìí. Sọ fún ọkọ rẹ pé o mú un lọ sílé akọ kó lè gùn ún. Ṣebí bí a ti ń ṣe é nìyẹn? Tó bá ti gbọ́ pé ọmọ ajá tí òun máa tà ń bọ̀, á tún kí ọ kú iṣẹ́."

Ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ètè tó wú.

"Tó bá bèèrè ilé yín ńkọ́?"

"Sọ pé Òkèrèwè ni. Mi ò gbé ibẹ̀. Lọ́la, tó bá ti lọ síbi iṣẹ́, kí ìwọ náà wá bá mi níbí gba ajá rẹ, kí ẹ jọ kọjá sí Modákẹ́kẹ́."

"Háà, Màmá! Ajá ló ń tẹ̀lé olówó ẹ̀. Èmi ni n ó wá tẹ̀lé ajá."